Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Ojú Omi Èkó: Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀ fún Ọkọ̀ Àjẹ̀

Sí àwọn ọ̀gá wa ní àjọ LASWA, tó ń bójú tó ọ̀nà omi fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, àti àjọ NIWA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìdààmú ọ̀nà omi. Mo mọ̀ pé ìwé tó ń dé orí tábìlì yín kò kéré, n kò sì ní fa ọ̀rọ̀ gùn títí yóò fi sú yín. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá: nínú gbogbo ètò tí ẹ ń ṣe lórí omi Èkó, ẹ yọ àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ àjẹ̀ àti fún àwọn tó ń tù ú. N kò bẹ̀bẹ̀ fún àyè àánú, irú èyí tí a ń fún ẹni tó ti dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àyè tó wà nínú òfin ni mò ń wí, tó hàn lórí máàpù, tí bíríkìlà sì fi sìmẹ́ńtì ṣe sí èbúté.

Èmi fúnra mi kì í ṣe ọmọ etí omi. Yábàá ni mò ń gbé, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rẹ́ méjì tí omi bí. Ọ̀kan jẹ́ Ògù, ẹ̀yà tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ẹ̀gùn, Mákòko ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Èkejì jẹ́ Ìlàjẹ. Bàbá tiẹ̀ wà lára àwọn tó ń fi omi gbé igi gẹdú láti ilẹ̀ Oǹdó wá sí Oko Bàbá, ibi tí wọ́n ti ń la igi sí pákó, ní Èbúté Mẹ́ta. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti ń wọ ọkọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí à ń wo ìlú láti ojú omi. Èkó tí èèyàn ń rí láti inú dáńfó, ẹ̀yìnkùlé ni. Orí omi ni ojúde rẹ̀ wà.

Mákòko la ti sábà máa ń ṣí, kí oòrùn tó là dáadáa. Kì í ṣe torí ooru nìkan. Tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ máa ń wọlé láti òkun, ọ̀sà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ọkọ̀ pákó tí kò ga ju orúnkún lọ lójú omi kò sì yẹ kó bá a jà. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe òwe lásán, wọ́n fi ń ṣe òfin. Bí wọ́n bá wo ojú ọ̀run tí wọ́n ní a ò lọ, a ò lọ nìyẹn.

Láàárọ̀ yẹn, gbogbo àdúgbò ti jí. Ọkọ̀ kún ojú omi láàárín ilé àti ilé. Ìyá kan wà tó máa ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ààrò kékeré níwájú, ọmọ lẹ́yìn, àjẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi á bá a sọ Ògù, èmi á fi Yorùbá kí i, òun náà á sì dá mi lóhùn: “Bọ̀dá, ẹ má dìde o, ẹ jókòó rà á.” Á fi ọwọ́ kan di etí ọkọ̀ wa mú, á fi èkejì bu ẹ̀kọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹyọ kan kán sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí n kò rò pé wọ́n tó ọdún méje ń tukọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àpò ìwé wọn wà ní àyà ọkọ̀ kí omi má bàa ta sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ògù ṣe ń wa ọkọ̀ náà, torí ohun tí mo wá sọ wà nínú rẹ̀. Ibi púpọ̀ nínú ọ̀sà Èkó kò jìn. Ìdí ọkọ̀ ló máa ń dúró sí pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, á gún un sísàlẹ̀, á fi gbogbo ara tì í, ọkọ̀ á sì sún síwájú. Kó tó fa ọ̀pá náà yọ, á kọ́kọ́ yí i lọ́wọ́ díẹ̀. Bí kò bá yí i, ẹrẹ̀ á gbá a mú, ọkọ̀ á máa lọ, ọ̀pá á sì kù sẹ́yìn. Láti inú ìyípo ọwọ́ yẹn ló ti ń mọ irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀: ẹrẹ̀ ni àbí yanrìn, ìkarahun ni àbí ìtì igi tó rì. Á ní, “Igi wà níbí o,” àwa ò sì rí nǹkan kan. Ibi tí omi bá ti jìn, á gbé ọ̀pá kalẹ̀, á mú àjẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí àárín ló máa ń fi kéègì tí wọ́n gé gbọ́n omi.

Bí a bá ti kúrò ní Mákòko, abẹ́ afárá Third Mainland la máa ń gbà kọjá, afárá tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ ń lọ sí kìlómítà 12. Lókè, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nísàlẹ̀, àwọn ẹlẹ́ja ń fa àwọ̀n láàárín òpó àti òpó, táyà ọkọ̀ sì ń dún gbì, gbì, bó ṣe ń ré oríkèé afárá kọjá lórí wọn. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń gba orí wọn kọjá lójoojúmọ́, díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Oko Bàbá. Èéfín lẹ́búlẹ́bú igi máa ń ta sí èèyàn nímú kó tó débẹ̀. Ìtì igi tí wọ́n so pọ̀ léfòó lọ títí, àwọn ọkùnrin ń rìn lórí wọn láìwo ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìlàjẹ sọ fún mi pé orí igi báyìí ni bàbá òun máa ń sùn, tó máa ń dáná, títí wọ́n á fi bá omi dé Èkó láti ilẹ̀ Oǹdó. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Ọ̀pá ni, ìgbòkun ni, àti mímọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà.

Ìdó ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ afárá Carter, lẹ́yìn rẹ̀ Èbúté Èrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí afárá Carter àkọ́kọ́. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dé Ìsàlẹ̀ Èkó láti Ìdó, ọkọ̀ àjẹ̀ ni yóò wọ̀, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ aláàárù. Ọkọ̀ ló kó iṣu, ẹja, epo àti aṣọ wọ ọjà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nínú ogun tí àwọn àgbà ń pè ní Ìjà Àgìdìngbì, ojú omi ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà sá lọ, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí. Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ tí Èkó fi rìn dé ibi tó dé. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń tukọ̀ ní Mákòko tàbí Agbóyì lónìí kì í ṣe àlejò tó ń dí ọ̀nà. Òun ló kọ́kọ́ la ọ̀nà náà.

Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan tí mo tíì rí. Àpẹẹrẹ kan péré: omi ọ̀sà wa kì í dúró lójú kan. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń da omi tútù wọlé, iyọ̀ á dínkù, koríko tó ń léfòó tó ń tanná aláwọ̀ àlùkò yẹn á sì bo ojú omi. Bí wọ́n bá tún ṣí ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, Agbóyì àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín Apápá àti Erékùṣù Victoria wọlé, iyọ̀ á padà, koríko náà á sì kú. Àwọn ẹja náà ń ṣí ní tiwọn. Ọ̀rẹ́ mi lè fi ahọ́n tọ́ omi wò kó sọ ẹja tí wọ́n á rí lọ́la. Ó mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ga sí i láti ọdún tó kọjá, ó mọ ibi tí ọkọ̀ rírì wà, ó mọ ibi tí ìṣàn omi ti yí padà nígbà tí wọ́n kó yanrìn sí etí ọ̀sà. Àwọn ẹ̀rọ yín lè wọn jíjìn omi lónìí. Ẹni tó ti ń fi ọ̀pá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti kékeré lè sọ fún yín bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti ibi tó ń lọ.

Ohun tó ń dà wọ́n láàmù nìyí, èyí tí ẹ̀yin sì lágbára láti tún ṣe.

Èkíní ni ìgbì ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó ń sáré máa ń fi ìgbì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìgbì náà sì máa ń dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ àjẹ̀ nígbà tí ẹni tó wà á ti lọ jìnnà. Ó ti ṣe wá rí nítòsí Òwòròńṣòkí. Ọkọ̀ kan tí a ò mọ ẹni tó ni ín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fààà, kò dínwọ́ rárá. Ọ̀rẹ́ mi kígbe pé ká jókòó sílẹ̀ pátápátá, ó yí orí ọkọ̀ kó lè dojú kọ ìgbì, omi ṣì wọlé dé kókósẹ̀ wa. A yè é. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀kọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ńkọ́? Àwọn tó ń wọ́ omi rú sáré bẹ́ẹ̀ gba iwájú ilé àwọn èèyàn, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń tukọ̀. Lójú títì, bí ilé ẹ̀kọ́ bá wà nítòsí, àmì máa ń wà níbẹ̀ pé kí awakọ̀ dínwọ́. Ẹ rì òpó mọ́lẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Mákòko, Agbóyì, Báyékù àti àwọn abúlé etí omi tó kù, ẹ kọ iye eré tí ọkọ̀ lè sá sí i, ní Yorùbá, ní Ògù àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi àwọn òṣìṣẹ́ yín sí i tí wọ́n á máa mú arúfin. Owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ kan.

Èkejì ni èbúté. Èbúté ìgbàlódé tí à ń kọ́ báyìí ga, torí ọkọ̀ ńlá ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ọkọ̀ àjẹ̀ tó bá dé abẹ́ rẹ̀, àfi kí èèyàn fò mọ́ irin. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n fi ọwọ́ fà gòkè, apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ wà lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Níbòmíràn, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà á ní ọkọ̀ pákó ò gbọdọ̀ so mọ́ ibẹ̀ rárá. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì kan tó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí omi ń dé nígbà tó bá fà, pẹ̀lú òpó méjì mẹ́ta tí wọ́n á so ọkọ̀ mọ́, ti tó. Ẹ̀gbẹ́ kan èbúté ni. Kò ní dí ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́.

Mo ń sọ èyí nísinsìnyí nítorí ètò Omi Èkó, tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. A gbọ́ pé ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ń bọ̀, pé wọ́n á gbẹ́ ipa ọ̀nà 15 jinlẹ̀ tí wọ́n á sì fi àmì sí wọn, pé èbúté 25 ni wọ́n fẹ́ kọ́ tàbí tún ṣe. Inú mi dùn sí i. Ìlú tí omi gba ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ kò yẹ kó máa jókòó sínú gosiló fún wákàtí mẹ́ta. Ọkọ̀ tí kì í dún, tí kì í sì da epo sómi, ẹlẹ́ja ló máa kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fa ipa ọ̀nà 15 sórí máàpù láìwo ibi tí ọkọ̀ àjẹ̀ ń gbà kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì yóò máa pàdé lójú omi, a sì mọ èyí tí yóò dojú dé. Kí bébà tó di kọnkéré ló yẹ ká sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, ẹ̀bẹ̀ wa ò ní níbi tó máa bà sí mọ́.

Ti yanrìn nìyí, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ yín nìkan kọ́ ló wà. Banana Island tó wà ní Ìkòyí, yanrìn tí wọ́n kó dí ọ̀sà ni. Kànáà MacGregor tó pín Èkó àti Ìkòyí níyà láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti dí i pa tipẹ́tipẹ́. Ibi tí bàbá ọ̀rẹ́ mi ti ń na àwọ̀n nígbà èwe, ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí. N kò sọ pé kí ìlú má gbòòrò. Ohun tí mò ń wí ni pé kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kó yanrìn sínú omi, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ẹja ń yé sí àti ẹnu odò tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, kí ìdáhùn wọn sì wà nínú ìwé náà. Àwọn tó ń fi korobá wa yanrìn lọ́wọ́, tí wọ́n ń rì wọnú omi tí wọ́n sì ń gbé e gòkè sínú ọkọ̀ onígbòkun, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà wọ́n mọ́ àwọn ẹlẹ́rọ ńlá.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé ìjọba àpapọ̀, láti ọwọ́ NIWA, ló ni àṣẹ lórí omi abẹ́lé. LASWA ló sì mọ Èkó ní igun kọ̀ọ̀kan, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 2008. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ẹ̀yin méjèèjì pa pọ̀. Atukọ̀ kò lè máa sanwó fún ọ̀gá méjì lórí omi kan. Ẹ jókòó, ẹ fún ọkọ̀ àjẹ̀ ní ìwé kan ṣoṣo, ní iye tí ẹni tó ń ta èpìyà àti ọ̀bọ̀kún lè san, kí láífù jákẹ́ẹ̀tì tó dára sì bá ìwé náà wá. Òfin yín pé kí gbogbo èrò wọ ọ́ dára, mo gbà á tọkàntọkàn, n kì í wọ ọkọ̀ láìwọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń ta ojúlówó rẹ̀, kí ẹ wá wo iye tí atukọ̀ ń pa lójúmọ́. Èyí tí fóòmù rẹ̀ ti jẹ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé kiri, kí òṣìṣẹ́ lè rí i pé nǹkan wà lọ́rùn wọn. Irú èyí ò lè gbé ọmọdé léfòó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Ní oṣù Keje ọdún 2012, wákàtí 72 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fún àwọn ará etí omi Mákòko pé kí wọ́n kó jáde, wọ́n sì fi ayùn gé òpó ilé. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2016 àti oṣù Kẹrin ọdún 2017, Òtòdó Gbàmẹ̀ pa rẹ́ lórí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì sá wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù wọn. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí èyí, bó bá gbúròó ẹ́ńjìnnì ìjọba lójú omi, kò ní dúró gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn atukọ̀ fi ìmọ̀ wọn hàn yín, ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé máàpù tí ẹ ń yà kì í ṣe èyí tí wọ́n á fi wá ibi tí ilé wọn wà láti wó o. Ẹ lọ bá àwọn baálẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ nílé wọn, ẹ mú ògbufọ̀ Ògù dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun tí ẹ bá ṣèlérí wà nínú ìwé tí àwọn náà ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́.

Èèyàn tó fẹ́ rí Èkó láti ojú omi ń pọ̀ sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ń bẹ̀ mí kí n mú wọn dání. Àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà nígbà Kérésìmesì ń béèrè ọ̀nà. Láti Badagry, èèyàn lè wọ ọkọ̀ ré odò kọjá sí Gbẹrẹfù, etí ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba wa lẹ́rú kọjá. Omi kan náà ló lọ títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, níbi tí àwọn ìbátan ọ̀rẹ́ mi wà. Owó wà nínú èyí fún ọmọ etí omi, bí ẹ bá fún wọn ní ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú èrò àti bí a ṣe ń gba ẹni tó bá bọ́ sómi là, tí ẹ sì fún wọn ní káàdì ìdánimọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì tó ní spíìdì bóòtù ni yóò gba owó náà, tí yóò máa gbé àlejò sáré kọjá níwájú ilé wọn, tí wọ́n á máa yà wọ́n ní fọ́tò láìbi wọ́n.

Kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àmì ìdínwọ́ ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù lọ, òun náà ló sì lè gba ẹ̀mí là kíákíá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ṣe tán láti fi ọ̀pá wọn tọ́ka ibi tí ó yẹ kí ẹ ri òpó kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ sọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yín lè wá. A máa ń ṣí ní kùtùkùtù, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé Yábàá kan